Àtùpà atawéjí, àti bóyá aró lè mọ́lẹ̀

Ẹ̀yin ará, mo kí yín láti Ògbómọ̀ṣọ́.

Ẹ̀gbọ́n wa tó kọ̀wé láti Ọ̀yọ́ lọ́jọ́ Ajé bi wá pé kí ni ká máa pe àtùpà LED tí wọ́n ń tàn sórí ẹ̀fọ́ kí ẹ̀fọ́ náà lè túbọ̀ ṣara lóore. Àwọn fúnra wọn dá àbá méjì: "òòrùn àtọwọ́dá" àti "ajílẹ̀ ìmọ́lẹ̀". Ẹnì kan fèsì pé ká kúkú pè é ní "ìmọ́lẹ̀ afèròjàkún". Ó ti tó ọjọ́ mẹ́ta tí mo ti ń fi àwọn orúkọ wọ̀nyí sẹ́nu wò, kò sí èyí tó bá mi lára mu.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú òòrùn. Òòrùn ń mọ́lẹ̀, ó sì ń jóni. Àtùpà LED kì í gbóná débi tí ewé á rọ tí wọ́n bá gbé e sún mọ́ ọn. Ohun tó tún wá jù bẹ́ẹ̀ lọ ni pé gbogbo àwọ̀ òṣùmàrè ló pé sínú òòrùn, àmọ́ èèyàn lè yan àwọ̀ tó bá fẹ́ kí LED tàn. Ewé kì í sì lo gbogbo àwọ̀ bákan náà. Pupa tó wà ní nǹkan bí 660 nánómítà (ohun tí wọ́n fi ń wọn ìgbì ìmọ́lẹ̀) àti búlúù tó wà ní nǹkan bí 450 ló ń gbà mọ́ra jù. Tí a bá pe àtùpà yìí ní òòrùn, ọ̀rọ̀ yíyàn ti bọ́ sọnù, bẹ́ẹ̀ yíyàn yẹn gan-an ni iṣẹ́ rẹ̀. Ti ajílẹ̀ kò gùn: ilẹ̀ là ń da ajílẹ̀ sí, àtùpà yìí kò sì bá ilẹ̀ ní nǹkan kan ṣe.

"Afèròjàkún" ló ń dùn mí jù, torí pé ó dùn lẹ́nu, ó sì lè tètè ràn. Tí a bá ní a fi nǹkan kún nǹkan, ìta la ti mú un wá: bí áyódìn tí wọ́n ń fi sí iyọ̀, bí fítámì A tí wọ́n ń fi sí ìyẹ̀fun. Ìmọ́lẹ̀ kò bu ohunkóhun sínú ewé. Ewé fúnra rẹ̀ ló ń ṣe èròjà tó wà nínú rẹ̀. Àwọn letúùsì kan wà tó jẹ́ pé bí ìmọ́lẹ̀ búlúù bá ti ń tàn sí wọn, wọn á bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, torí wọ́n ń ṣe èròjà pupa kan tí wọ́n fi ń bora bí ìmọ́lẹ̀ bá le. Èròjà tí ewé fi bora yẹn ni àwa tó ń jẹ ẹ́ ń wá. Ẹ tún wo olú tí a ń sè lọ́bẹ̀. Bí ìmọ́lẹ̀ UV, èyí tí ojú wa kò lè rí, bá kàn án, ohun kan tó ti wà lára rẹ̀ tẹ́lẹ̀ ló ń yí padà di fítámì D. Kò sẹ́ni tó bu fítámì lé e lórí.

Mo rí ohun tó jọ ọ́ lẹ́yìnkùlé mi. Mo gbin tẹ̀tẹ̀ pupa sí ojú ibi méjì, ọ̀kan lábẹ́ igi máńgòrò, èkejì ní gbangba. Ọjọ́ kan náà ni mo fọ́n irúgbìn wọn, omi kànga kan náà ni mo ń bu sí wọn. Ti abẹ́ máńgòrò ló ga jù, àmọ́ igi rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, ewé rẹ̀ fẹ́lẹ́, pupa rẹ̀ sì ti ṣá. Ti gbangba kúrú, ó pọ́n wọnú iṣan ewé, tí mo bá sì bọ̀ ọ́, omi rẹ̀ á pọ́n bíi sóbò. Mo di méjèèjì lọ fún ìyá tó ń ta ẹ̀fọ́ fún mi lọ́jà Jagun. Wọ́n fi àtàǹpàkò tẹ ti abẹ́ máńgòrò, wọ́n ní, "Eléyìí ṣì ń sùn."

Ọ̀rọ̀ tí mo ti ń wá látọjọ́ mẹ́ta nìyẹn. Ewé ń sùn, ìmọ́lẹ̀ ló ta á jí. Àbá tèmi ni àtùpà atawéjí. LED fúnra rẹ̀, ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Àwọn tó ń ta gílóòbù níbí ti ń pè é bẹ́ẹ̀.

Ó ku ọ̀rọ̀ àwọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ní a kò lè sọ pé "ìmọ́lẹ̀ aró", pé aró dúdú, ohun tó dúdú kò sì lè mọ́lẹ̀. Ẹ má bínú sí mi, aró inú ìkòkò lẹ ń wò. Ṣebí agbe ló laró, àlùkò ló losùn, lékeléke ló lẹfun? Ìyẹ́ agbe kò dúdú, ṣe ló ń dán. Aró tó wà lára agbe ni mo ní lọ́kàn. Mo ro wájì náà, àwọ̀ búlúù ayé àtijọ́, àmọ́ àwọn ọmọ ìsinsìnyí tó mọ̀ ọ́n kò pọ̀ mọ́. Nítorí náà, ìmọ́lẹ̀ osùn fún pupa, ìmọ́lẹ̀ aró fún búlúù. Tí wọ́n bá sì tan méjèèjì pọ̀, kí ni àwọ̀ tó ń jáde bí kò ṣe elésè àlùkò? Àwọ̀ yẹn ló fà á tí wọ́n fi fi LED aláwọ̀ ewé kún àtùpà ọ̀gbìn tó wà ní ibùdó tó ń yí ayé po lójú òfúrufú (International Space Station), níbi tó jẹ́ pé lóṣù kẹjọ ọdún 2015, wọ́n jẹ letúùsì pupa tí wọ́n gbìn síbẹ̀: kí ewé lè jọ ewé lójú ẹni tó fẹ́ jẹ ẹ́.

Aró sì yẹ lẹ́ni tí à ń fún ní orúkọ gidi. Láti 1962 ni LED pupa tí ojú lè rí ti wà. Ti aró tó ń tàn dáadáa kò dé àfi ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, àwọn mẹ́ta tó ṣe é, Akasaki, Amano àti Nakamura, sì gba ẹ̀bùn Nobel lórí rẹ̀ ní 2014.

Ibi tí mo ti ń ṣiyèméjì ni tòmátì. Èso la ń jẹ lára rẹ̀, kì í ṣe ewé. Ṣé atawéjí ṣì lè gbé e, àbí ká sọ pé ataèsojí, tó wúwo lẹ́nu mi? Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bi àwọn tó ń gbin tòmátì lọ́dọ̀ yín ní Ọ̀yọ́ ohun tí wọ́n ń sọ nígbà tí èso bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pọ́n.