Ẹ jọ̀ọ́, ta ló mọ lẹ́ǹsì Tamron àtijọ́ dáadáa?

Ẹ̀yin fọtógíráfà, ẹ gbà mí o. Bùrọ̀dá mi ní Lọ́ńdọ̀nù bá mi ra Tamron SP 90mm f/2.5 tòkunbọ̀, èyí tí wọ́n gbé jáde ní 1979 yẹn, torí ó mọ̀ pé òrùka àti ìlẹ̀kẹ̀ ìyàwó ni mo máa ń yà jù. Kò sí autofocus lára ẹ̀, ọwọ́ lèèyàn máa fi yí i, ìyẹn ò dùn mí rárá, gíláàsì ẹ̀ ṣì mọ́ roro.

Ẹ̀yìn ẹ̀ ló rú mi lójú. Adaptall-2 ni, ìyẹn ni pé lẹ́ǹsì kan náà lè wọ oríṣiríṣi kámẹ́rà, òrùka ẹ̀yìn nìkan lo máa pààrọ̀ (àwọn ará Jàpáánì yìí ò ṣeé bá jà sẹ́!). Ti Nikon ló wà lára tèmi, Canon EOS ni mo sì ń lò, DSLR o (èyí tó ní dígí nínú), kì í ṣe mirrorless tí kò ní dígí. Ṣé kí n wá òrùka Adaptall-2 tó jẹ́ ti EOS ni àbí kí n kàn fi adapter Nikon sí Canon lé e bẹ́ẹ̀? Èwo ni ò ní máa mì jẹ́jẹ́ lẹ́nu kámẹ́rà?

Ohun kejì, 1:2 péré ló ń yà (ìyẹn ni pé ìdajì bí nǹkan ṣe tóbi ló ń hàn lórí sensor kámẹ́rà), mo sì fẹ́ kó dé 1:1, bó ṣe tóbi gan-an. Ṣé extension tube (ọ̀pá òfìfo tí wọ́n ń fi sáàárín lẹ́ǹsì àti kámẹ́rà) ni àbí teleconverter 2x (èyí tó ní gíláàsì nínú, tó ń sọ àwòrán di ìlọ́po méjì)? Mo mọ̀ pé méjèèjì ló ń dín ìmọ́lẹ̀ kù, èwo ló máa ń ba àwòrán jẹ́ jù?

Ẹni tó bá ti lò ó rí, jọ̀ọ́ fi fọ́tò sí i. Ẹ má ní kí n lọ ra tuntun o, owó ò sí.