Bàtà Converse tó ga bo ọrùn ẹsẹ̀ fún ẹni tó ń dúró látàárọ̀ ṣúlẹ̀, ṣé ó ṣeé wọ̀?

Adúróṣiṣẹ́: Ẹ ǹlẹ́ o ẹ̀yin èèyàn mi. Converse dúdú tó ga yẹn ti wọ̀ mí lójú, kò sí ṣòkòtò tí kì í bá mu. Àmọ́ orí ìdúró niṣẹ́ mi, wọ́n sì ní ìsàlẹ̀ ẹ̀ le bíi pátákó. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé kí n rà á àbí kí n kúkú ra Jordan 1, bàtà Nike tó ga bíi tiẹ̀?

Ẹlẹ́sẹ̀Pẹlẹbẹ: Òótọ́ ni wọ́n sọ o. Látọdún 1917 ni All Star, ìyẹn Converse tẹ́ ẹ ń sọ yẹn, ti wà, àwọn tó ń gbá basketball ni wọ́n ṣe é fún, aṣọ àti rọ́bà náà ló ṣì jẹ́ dòní, kò sí nǹkan tó gbé àárín àtẹ́lẹsẹ̀ dúró níbẹ̀, tó bá fi máa di ìrọ̀lẹ́ gìgísẹ̀ á ti máa ro yín. Ṣùgbọ́n pé ó tẹ́ yẹn náà ló jẹ́ kó rẹwà, kì í jẹ́ kẹ́sẹ̀ rí ńlá. Ẹ wo Chuck 70, Converse míì tó jọ ọ́, tìmùtìmù inú ẹ̀ nípọn ju ti All Star lọ, aṣọ ẹ̀ náà nípọn, owó ẹ̀ ló kàn pọ̀ jù ú lọ.

OníJordan: Ẹ má jẹ́ kí afẹ́fẹ́ tí wọ́n ní ó wà nísàlẹ̀ gìgísẹ̀ Jordan 1 tàn yín, bàtà 1985 ni, awọ ẹ̀ le tó bá ṣì tuntun, ó máa ń mú ooru, etí ẹ̀ tó wà lókè á sì máa ha kókósẹ̀ tí ìbọ̀sẹ̀ yín bá kúrú. Èmi kì í ki léèsì bọ ihò tó kẹ́yìn lókè, ìyẹn nìkan ti mú ara tù mí gan-an. Mo fẹ́ràn ẹ̀ o, ṣùgbọ́n mi ò ní fi dúró ṣiṣẹ́.

Ìyá Ìbejì: Ẹ wo Vans Sk8-Hi náà, bàtà míì tó ga bo ọrùn ẹsẹ̀, páádì wà létí ẹ̀ tó yí ọrùn ẹsẹ̀ ká, kì í ha èèyàn. Ti Converse, ó máa ń tóbi díẹ̀ ju nọ́ńbà tí wọ́n kọ sí i lọ àmọ́ ó há lẹ́gbẹ̀ẹ́, tẹ́sẹ̀ yín bá fẹ̀ ẹ má dín nọ́ńbà yín kù. Ìrọ̀lẹ́ ni kẹ́ ẹ lọ wọ̀ ọ́ wò, ìgbà yẹn lẹsẹ̀ ti wú díẹ̀. Ẹ má sì gbọ́kàn lé gíga ẹ̀ o, aṣọ rírọ̀ yẹn ò lè ní kẹ́sẹ̀ má rọ́.

Adúróṣiṣẹ́: Ẹ ṣé gan-an, Chuck 70 ni màá rà. Tí mo bá wá fi tìmùtìmù míì sínú ẹ̀, ṣé gìgísẹ̀ mi ò ní máa yọ jáde?

Ẹlẹ́sẹ̀Pẹlẹbẹ: Á gbé e sókè díẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ léèsì á dì í mú torí ó ga. Ẹ ra èyí tó pẹlẹbẹ, tó bá ti nípọn jù, iwájú á há.