Irorẹ́ iwájú orí mi: mo ti rí ohun tó ń fà á

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo ti padà dé o. Irorẹ́ tó bo iwájú orí mi tí mo sọ fún yín níjọ́sí pé àtíkè ló fà á, irọ́ ni, ẹni tó ní kí n wo pòmédì irun mi nínú yín ló mọ̀ ọ́n. Pòmédì àti òróró àgbọn ni mo máa ń fi ra etí irun, tí òógùn bá ti dé báyìí ó ti ṣàn sójú. Mo dá a dúró, mo sì ń fọ aṣọ ìrọ̀rí lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, nígbà tó fi máa pé ọ̀sẹ̀ 6, tuntun ò yọ mọ́. Benzoyl peroxide 2.5% (oògùn irorẹ́ tí wọ́n ń fi pa ojú) ṣiṣẹ́ díẹ̀ àmọ́ ó mú ojú mi gbẹ, ó tún sọ táwẹ̀lì mi di alámì funfun (inú bí mi gan-an). Ọṣẹ dúdú ní tiẹ̀ kàn ń ta mí lójú ni, mo ti jù ú sílẹ̀. Àpá dúdú ló kù, ó ń lọ díẹ̀díẹ̀, mi ò sì ní fi kíríìmù tó ń bóra sí i. Ẹ ṣé o.