Báwo ni mo ṣe lè fi PK Thunder gbé Ness padà sórí pèpéle?

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ìgbádùn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ràn mí lọ́wọ́ lórí Super Smash Bros. Ultimate, eré ìjà orí fídíò. Ness ni akọni tí mò ń lò níbẹ̀, mo fẹ́ràn rẹ̀, mi ò sì fẹ́ pààrọ̀ rẹ̀.

Tí wọ́n bá ti gbá mi kúrò lórí pèpéle, tí mo sì ti fo ẹ̀ẹ̀kejì tán, PK Thunder, idán mànàmáná rẹ̀, nìkan ló kù: màá darí mànàmáná náà yí po títí yóò fi ba Ness fúnra rẹ̀, kó lè ta á padà. Àmọ́ àbúrò mi ti mọ̀ ọ́n. Á bẹ́ jáde, á fi ara gba mànàmáná náà kó tó kàn mí, mo já bọ́ nìyẹn. Tó bá wá mú akọni mìíràn, Mr. Game & Watch, garawa ló máa fi gbà á!

Ṣé kí n tètè ṣe é nígbà tí mo ṣì wà lókè ni, àbí kí n jẹ́ kí ara lọ sílẹ̀ ná? Bí mo bá sì fẹ́ fò sókè tààrà, abẹ́ ẹsẹ̀ ló yẹ kó ti bá mi. Ibẹ̀ gan-an lọwọ́ mi ti ń ṣì. Báwo lẹ ṣe ń yí i?