Ta ló fojú ara rẹ̀ rí Super Cup bọ́ọ̀lù ilẹ̀ wa rí? Ẹ wá sọ tiyín

Ọmọ Adámásìngbà: Ẹ̀yin ará, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Lọ́dún 2025, Remo Stars gba líìgì, Kwara United gba kọ́ọ̀pù. Ìkẹ́nnẹ́ àti Ìlọrin! Ká ní Super Cup tá à ń pè ní Charity Cup tẹ́lẹ̀ ṣì ń lọ déédéé, àwọn méjèèjì ni ì bá kojú ara wọn. Èmi lọ wo ọ̀kan rí. Mi ò ní dárúkọ ọdún náà, torí ìyàwó mi wà níbí, òkú ni mo sì sọ fún un pé mo lọ sin. Àwọn tó ń ta omi inú ọ̀rá pọ̀ ju àwa tá a wá wòran lọ. Ọlọ́pàá kan jókòó tì mí, ó ní, "Àwọn wo tiẹ̀ ló ń gbá a?" Ẹ̀yin ńkọ́?

Akọ̀wé Pupa: Irọ́ lò ń pa.

Ọmọ Adámásìngbà: Èwo nirọ́ ńbẹ̀?

Akọ̀wé Pupa: Ọlọ́pàá tó jókòó tì ọ́, tí kò béèrè nǹkan míì lọ́wọ́ ẹ.

Ìyá Ìbejì: Ẹ má pa mí lẹ́rìn-ín o. Tèmi rèé. Ọmọ Stationery Stores, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Èkó àtijọ́, paraku ni bàbá mi, kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sáfẹ́fẹ́ ire. Ẹ̀yin àgbà mọ igbe wọn: "Up Super!" Lálẹ́ ọjọ́ kan, rédíò ní Super Cup máa wáyé lọ́jọ́ Sunday. Bàbá tẹ́sẹ̀ ń dùn látàárọ̀ fò dìde lórí àga. "Super! Mo sọ fún yín! Stores ti padà dé!" Wọ́n ti ń wá fìlà Stores nínú àpótí kí a tó rí nǹkan sọ. Ẹ̀gbọ́n mi ló wá ṣọkàn akin, ó ní, "Bàbá, Enyimba ni o, kì í ṣe Stores." Bàbá rọra jókòó, fìlà ṣì wà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n dákẹ́ títí. Wọ́n wá ní, "Ta ló fún wọn láyè láti lo Super?"

Dòdò Ìkirè: 😂😂😂 Bàbá yẹn ni bàbá mi!

Sẹ̀ríkí Agége: Bàbá jàre. Ẹni tó gba Challenge Cup (kọ́ọ̀pù ilẹ̀ wa nígbà yẹn) 1967, tó tún gbà á 1968, ó lẹ́tọ̀ọ́ sí "Super".

Ẹ̀gbá Onílé: Ẹ jẹ́ ká sọ ohun tó pa Super Cup. Ìgbà tí líìgì wa máa parí ò lójú. Rangers gba líìgì 2016, èyí tí wọ́n ti ń retí láti 1984, FC Ifeanyiubah gba kọ́ọ̀pù. Ó di January 2017 kí wọ́n tó gbá Super Cup. Ẹni tó ti retí ife fún ọdún 32, tó ti jó, tó ti sùn, tó ti jí, ẹ tún wá ń pè é síta torí ife kékeré kan. Ta ló fẹ́ dìde?

Alágbàdo: Àní bí ẹgbẹ́ kan ṣoṣo bá gba méjèèjì ńkọ́? Bíi Enyimba 2005. Wọ́n á máa gbá a pẹ̀lú òjìji wọn ni?

Sẹ̀ríkí Agége: Ẹni tó ṣe ipò kejì nínú líìgì ni wọ́n ń pè nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Tiwọn ti wà láti 1908, kò sì kú.

Bàbá Òkè Àdó: Kí ẹ tó dé Enyimba, ẹ bi wá n'Ìbàdàn. Leventis United gba líìgì àti kọ́ọ̀pù pọ̀ lọ́dún 1986. Nígbà tó fi máa di 1987, wọ́n tú ẹgbẹ́ ká. Ọ̀dọ́mọdé ni mí. Mo ti fi owó oúnjẹ ra aṣọ wọn, mo wá ń wọ̀ ọ́ lọ síbi iṣẹ́ bíríkìlà. Ẹ rí ayé?

Ẹ̀gbá Onílé: Ẹ má dárúkọ 1986 níbí o. Abiola Babes tiwa l'Abẹ́òkúta lẹ lù nínú àṣekágbá yẹn. Ẹ ti lù wá ní 1984 tẹ́lẹ̀! Ṣùgbọ́n àwa la gbà á 1985, a tún gbà á 1987. Ọjọ́ àṣekágbá 1987 yẹn, bátìrì rédíò wa ti rẹ̀, màmá mi ti sá a sóòrùn látàárọ̀. A gbọ́ Ranchers Bees tá à ń bá gbá a, Ranchers Bees, ohùn wá ń wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bíi ẹni tó ń sùn lọ, ó kú. Mo sáré dé ilé tó kọjú sí tiwa, wọ́n ti tilẹ̀kùn mọ́rí. Ariwo àdúgbò ni mo fi mọ̀ pé a ti gbà á.

Bàbá Òkè Àdó: Rashidi Yekini, agbábọ́ọ̀lù tẹ́ ẹ fi ń yangàn nígbà náà, Sọ́ọ̀tìn (Shooting Stars) tiwa n'Ìbàdàn ló ti wá.

Ẹ̀gbá Onílé: UNTL, ẹgbẹ́ Kàdúná, ni Sọ́ọ̀tìn náà ti mú un, ẹ fẹ̀sọ̀ ṣe.

Dòdò Ìkirè: Èwo ni tèyí nínú ọ̀rọ̀ Super Cup? 🙄

Bàbá Òkè Àdó: Ọmọdé yìí, jókòó síbẹ̀. Muda Lawal, agbábọ́ọ̀lù Sọ́ọ̀tìn, ńkọ́? Ìbàdàn ló ti di Muda!

Ẹ̀gbá Onílé: Ọmọ Abẹ́òkúta ni! Bàbá, ẹ lọ mu omi.

Alágbàdo: Mo ṣì ń dúró o. Leventis 1986, ta ni wọn ì bá gbá Super Cup pẹ̀lú?

Ẹ̀gbá Onílé: Àwa náà ni, ká lè jẹ ìyà lẹ́ẹ̀kẹta.

Àdùkẹ́ Onídìrí: Ọmọ Adámásìngbà, mo ti ń ka gbogbo ẹ̀ bọ̀ látòkè. Mo mọ̀. Tíkẹ́ẹ̀tì wà nínú àpò ṣòkòtò tí mo fọ̀ lọ́jọ́ kejì. Mo tún bá ọ kẹ́dùn, mo gbọ́únjẹ síwájú ẹ, mo ní kó o má ronú jù. O sì jẹ ẹ́.

Ìyá Ìbejì: Háà.

Akọ̀wé Pupa: Ó dáa, mo ti wá gbà pé ó lọ.