Ìròyìn ìṣẹ̀lẹ̀ láti orí àwọn kọ̀ǹpútà ibi iṣẹ́ kò dé ọ̀dọ̀ mi pé, ẹ bá mi wò ó

Aṣọ́sáfà (olùbéèrè)

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tèmi. Èmi ni mò ń bójú tó áàpù orí kọ̀ǹpútà Windows bí 120 níbi iṣẹ́ wa. Ojú kan ni mo ti ń fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ pẹ̀lú Group Policy (ohun inú Windows tí a fi ń pàṣẹ fún gbogbo ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀kan náà). Òṣìṣẹ́ kankan kì í fọwọ́ ara rẹ̀ gbé nǹkan sórí ẹ̀rọ. Ohun tí ọ̀gá mi ń béèrè báyìí ni pé kí n jókòó síbì kan kí n máa rí áàpù tó wọlé, èyí tó kú lójijì, àti èyí tí AppLocker (ohun inú Windows tó ń dí áàpù tí a kò fàyè gbà) dá dúró.

Windows Event Forwarding ni mo lò, èyí tó ń kó ìròyìn ìṣẹ̀lẹ̀ láti orí àwọn ẹ̀rọ wá sórí sáfà kan. Mo tẹ wecutil qc lórí sáfà tó ń gba ìròyìn, mo ṣí subscription méjì (ètò tó ń sọ ìròyìn tí sáfà máa gbà), ọ̀kan fún lọ́ọ̀gì (ìwé àkọsílẹ̀ ìṣẹ̀lẹ̀) Application àti ti AppLocker, èkejì fún lọ́ọ̀gì Security, ti ọ̀rọ̀ ààbò. Mo sì fi àdírẹ́sì sáfà náà, tòun ti pọ́ọ̀tù 5985, sínú Group Policy kí àwọn ẹ̀rọ lè fúnra wọn wá a kàn.

Event ID (nọ́mbà irú ìṣẹ̀lẹ̀) 1000 ń dé bí áàpù bá kú, 11707 náà ń dé bí ó bá wọlé láìsí wàhálà. Láti inú Security, ẹyọ kan kò tíì dé. AppLocker náà dákẹ́ lọ gbári. Ọ̀gá mi rí òdo yẹn nínú ìròyìn oṣù, inú rẹ̀ dùn, ó ní àwọn òṣìṣẹ́ wa ń pa òfin mọ́. Ọkàn tèmi ò balẹ̀.

Èyí tó dùn mí jù: lọ́sẹ̀ tó kọjá, áàpù owó oṣù kú mọ́ obìnrin kan lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀mẹrin láàárọ̀ ọjọ́ kan. Ó wá dúró lẹ́nu ọ̀nà mi pẹ̀lú ìwé tó kọ àkókò rẹ̀ sí: 9:12, 9:40, 10:05, 10:31. Mo ṣí sáfà, mi ò rí nǹkan kan. Ọ̀sán ni mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó wọlé pa pọ̀. Ojú tì mí gan-an. Kí ni mo ṣì ṣe?

Ìyá Ìbejì

Ẹ pẹ̀lẹ́, àbúrò. Ti Security yẹn, orí ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀rọ tó ń fi ìròyìn ránṣẹ́ ni kẹ́ ẹ ti lọ wò ó, kì í ṣe orí sáfà. Ẹ ṣí Event Viewer (ibi tí Windows ti ń fi lọ́ọ̀gì hàn), ẹ wá Eventlog-ForwardingPlugin, kẹ́ ẹ wọ Operational tó wà lábẹ́ rẹ̀. Bẹ́ ẹ bá bá Event ID 102 níbẹ̀, tí nọ́mbà àṣìṣe rẹ̀ jẹ́ 5004, ẹ ti mú un. NETWORK SERVICE ni orúkọ tí WinRM (iṣẹ́ Windows tó ń gbé ìròyìn náà lọ) fi ń ka lọ́ọ̀gì, orúkọ yẹn kò sì láṣẹ àtika Security. Ẹ fi Group Policy fi í sínú ẹgbẹ́ Event Log Readers lórí gbogbo ẹ̀rọ, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ pa ẹ̀rọ kẹ́ ẹ tún un tàn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fo títún un tàn yẹn. Mo mọ ẹni tó fi odindi ọjọ́ mẹ́ta wá àṣìṣe tí kò sí mọ́ kiri.

Lọ́ọ̀gìLójoojúmọ́

Ti pé ìròyìn ń pẹ́, ẹ wo Advanced nínú subscription yín. Ó jọ pé Minimize Bandwidth lẹ mú. Wákàtí mẹ́fà mẹ́fà nìyẹn fi ń kó ẹrù. Normal máa ń dúró tó ìṣẹ́jú 15, Minimize Latency kì í ju ìṣẹ́jú-àáyá 30 lọ. Ẹ fi áàpù tó kú àtèyí tí wọ́n dá dúró sí Minimize Latency, kẹ́ ẹ fi ìyókù sí Normal.

Ẹ má sì gba gbogbo nǹkan o. Bẹ́ ẹ bá ń kó 4688 (ìròyìn pé ètò kan ṣí), gbogbo ètò tó bá ṣí lórí ẹ̀rọ 120 ló máa ya wọlé. MB 20 péré ni ForwardedEvents, lọ́ọ̀gì tí ìròyìn ń wọ̀ lórí sáfà, ń gbà bẹ́ ẹ kò bá fẹ̀ ẹ́. Bó bá ti kún, tuntun á máa pa àtijọ́ rẹ́. Ẹ wá 4625 (ìròyìn pé ẹnì kan gbìyànjú láti wọlé, kò sì ṣeé ṣe) lẹ́yìn ọjọ́ méjì, kò ní sí níbẹ̀ mọ́.

Ẹ̀gbọ́n Wálé Ẹ̀rọ

Òdo AppLocker yẹn ló ń bà mí lẹ́rù. Ẹ lọ wo Application Identity (iṣẹ́ Windows tí AppLocker gbára lé) lórí ẹ̀rọ kan, ẹ tẹ sc query appidsvc. Bó bá ní STOPPED, òfin tẹ́ ẹ kọ kò ṣiṣẹ́ rárá: kò dá ẹnikẹ́ni dúró, kò sì kọ nǹkan kan sílẹ̀. Láti Windows 10, ẹ kò lè fọwọ́ yí i sí Automatic nínú Services mọ́. Group Policy tàbí sc config ló máa ṣe é.

Bó bá jí, ẹ má tíì dí ẹnikẹ́ni lọ́nà. Audit only ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fi sí, kó máa kọ ọ́ sílẹ̀ láì dá ẹnikẹ́ni dúró. 8003 máa sọ áàpù tí ì bá dá dúró fún yín. 8004 ni pé ó ti dá a dúró ná. Ti MSI (fáìlì tí a fi ń gbé áàpù sórí ẹ̀rọ) àti script (fáìlì tí a to àṣẹ sí) wà nínú lọ́ọ̀gì tiwọn lọ́tọ̀, 8006 àti 8007, ẹ kọ orúkọ lọ́ọ̀gì yẹn náà sínú subscription.

Aṣọ́sáfà (olùbéèrè)

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun púpọ̀. 102 wà níbẹ̀, 5004 lára rẹ̀. Lẹ́yìn tí mo tún àwọn ẹ̀rọ tàn, Security bẹ̀rẹ̀ sí í dé. Minimize Bandwidth náà ni mo mú lóòótọ́. Mo rò pé mò ń ṣàánú nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni.

Ẹ̀gbọ́n Wálé, appidsvc ti kú lórí gbogbo ẹ̀rọ tí mo wò. Mo jí i, mo fi sí Audit only. Kí ilẹ̀ tó ṣú, 8003 ti ń wọlé, ohun kan náà ló sì pọ̀ jù nínú rẹ̀: ètò kékeré tí áàpù owó oṣù fi ń tún ara rẹ̀ ṣe, tó ń ṣiṣẹ́ láti inú AppData (àpò fáìlì tí Windows fún òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan). Ká ní mo ti dí i pa ní tààràtà, owó oṣù ò bá má jáde. Mo ti lọ sọ fún ọ̀gá pé òdo oṣù tó kọjá kì í ṣe òdo.

Alábẹ̀ẹ́rẹ̀

Ọ̀kan ṣoṣo ni tèmi. Bẹ́ ẹ bá máa gba 4688 pẹ̀lú command line rẹ̀ (àṣẹ tí wọ́n fi ṣí ètò náà), ọ̀rọ̀ aṣínà tí ènìyàn bá tẹ̀ mọ́ àṣẹ á hàn gbangba nínú lọ́ọ̀gì. Ẹ dín àwọn tó lè ṣí sáfà yẹn kù, kẹ́ ẹ sì sọ ohun tẹ́ ẹ ń kọ sílẹ̀ fún àwọn òṣìṣẹ́ kí wọ́n tó gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn.

Aṣọ́sáfà (olùbéèrè)

Mo gbọ́. Àwọn tó gbé láptọ́ọ̀pù wọn rìnrìn àjò ńkọ́? Ọ̀sẹ̀ méjì ni wọn kì í fi kan nẹ́tíwọ́ọ̀kì wa.

Ìyá Ìbejì

Orí láptọ́ọ̀pù ni ìròyìn wọn á máa wà. Bí wọ́n bá padà kan sáfà, á bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó dúró sí, bí lọ́ọ̀gì ibẹ̀ kò bá tíì kún kó pa á rẹ́. MB 20 ni Security fúnra rẹ̀ náà, àbúrò, ẹ fẹ̀ ẹ́ kí wọ́n tó tún lọ.