Ẹ̀yin tó ti wọ ilé àtijọ́ ní Ìlú Ọba, kí lojú yín rí?

Ìyá Tòkẹ́: Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ó ti di ọdún mẹ́sàn-án tí mò ń gba Homerton High Street ní Hackney, ní London, lọ síbi iṣẹ́, n kò sì fojú sí ilé bíríkì kan báyìí lára rí. Sutton House lorúkọ rẹ̀. Sátidé kan ni òjò ká mi mọ́ ìta, ni mo bá yà síbẹ̀.

Ralph Sadleir ló kọ́ ọ lọ́dún 1535, ìránṣẹ́ Ọba Henry Kẹjọ tó dàgbà nínú agboolé Thomas Cromwell, olùdámọ̀ràn àgbà ọba náà. Abúlé ni Hackney nígbà náà, igi sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń kọ́lé, ìdí rèé tí wọ́n fi ń pe tiẹ̀ ní Bryk Place, ìyẹn Ilé Bíríkì. Ẹni tó bá dúró níta lónìí kò ní mọ̀ pé ó ti pẹ́ tó yẹn, torí àwọn tó ni ilé náà lẹ́yìn rẹ̀ ti yọ fèrèsé àtijọ́, wọ́n fi èyí tí à ń tì sókè-sódò sí i.

Yàrá kan wà nísàlẹ̀ tí pákó óákù bo ògiri rẹ̀. Ẹ̀yin èèyàn mi, aṣọ ni mo rò pé wọ́n fi kọ́! Káfíńtà gbẹ́ pákó náà bí aṣọ tí a ṣẹ́ po. Ìṣẹ́po kọ̀ọ̀kan dúró ṣánṣán, etí rẹ̀ rọra yí wọnú bí etí aṣọ òkè tó ti pẹ́ nínú àpótí.

Nínú yàrá mìíràn, obìnrin tó ń mú wa káàkiri fa pákó ara ògiri kan ṣí bí ilẹ̀kùn. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ògiri ìgbà Sadleir wà, bó ṣe wà gan-an. Wọ́n ti fi ilé yìí ṣe ilé ẹ̀kọ́, wọ́n ti pín in sí méjì, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ti fi ṣe ọ́fíìsì. Ohun tó mú mi lọ́kàn jù wà lókè àjà: àwòrán tí àwọn tó kó wọlé láìgbàṣẹ ní àárín àwọn ọdún 1980 kùn sára ògiri. National Trust, ẹgbẹ́ tó ń tọ́jú ilé àtijọ́, tó ti ni ilé náà láti 1938, kò kùn ún pa. Omijé bọ́ lójú mi. Èmi náà ti gbé ilé tí orúkọ mi kò sí nínú ìwé rẹ̀ rí.

Bọ̀dé Bíríkìlà: Ẹ ṣeun, Màmá. Ọ̀rọ̀ símẹ́ńtì ló ń dùn mí ní tèmi. Ọ̀gá kan ní kí n fi símẹ́ńtì dí àárín bíríkì ilé kan tó ti lé ní 200 ọdún. Bíríkì àtijọ́ rọ̀, ó máa ń mu omi. Òkúta ẹfun tí wọ́n sun, tí wọ́n pò mọ́ iyanrìn, ni wọ́n fi mọ ọ́n, ìyẹn sì máa ń jẹ́ kí ọ̀rinrin rí ọ̀nà jáde. Símẹ́ńtì dí ọ̀nà náà pa. Nígbà tí òtútù dé, omi dì nínú bíríkì, ojú rẹ̀ sì ń bó. Ọwọ́ ara mi ni mo fi gbá eruku pupa náà. Láti ìgbà náà, bí wọ́n bá ní kí n ṣe bẹ́ẹ̀, mo máa ń kọ̀.

Àǹtí Bristol: Àbúrò mi Bọ̀dé, o ṣeun tí o sọ ọ́. Fèrèsé tí wọ́n fi bíríkì dí ló wà ní ilé tí mo háyà. Láti 1696 títí di 1851, ìjọba ń gba owó orí lórí fèrèsé, àwọn kan sì dí tiwọn. Àmọ́ ọ̀pọ̀ ló jẹ́ pé ẹ̀ṣọ́ lásán ni, wọn ò fìgbà kan ṣí. Lọ́dún tó kọjá tí a ń ṣí bébà ògiri kúrò, ọmọ mi pariwo pè mí: igi ìsàlẹ̀ fèrèsé náà wà nínú ògiri, ọ̀dà funfun ṣì wà lára rẹ̀.